Ẹni Tó Bá Tún Kẹ̀kẹ́ Ṣe Ni Yóò Kọ́kọ́ Gùn Ún

Àwọn ẹbí mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi pa nígbà tí bàbá mi ṣì wà láàyè, irọ́ ni wọ́n sì fi ṣe àgádágodo rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yẹn kọ́kọ́ wọ̀ yín létí. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni ẹ ti ń wá bá mi nílé, pé kí n sọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ máa mú nínú iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ìwé. Mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹ fẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wọ yunifásítì, bí mo ṣe di olùkọ́ físíìsì, bí mo ṣe pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ títí irun mi fi funfun. Ìyẹn kò gba ẹnu púpọ̀. Wọ́n gbà mí síṣẹ́, wọ́n ń san owó mi, mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní aago ara ògiri kan tí kò pẹ́ tó fi kú. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, tí mo sì mọ̀ jù, ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé yìí. Èmi Sàfúrátù, ọmọ Làmídì Oníkẹ̀kẹ́, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mí. Ọdún 1955 ni mo bẹ̀rẹ̀. Ní 1967 ni wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi.

Abà Olókè ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Lágelú, níbi tí ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn á ti jí kí àkùkọ tó kọ kó tó lè rí ọkọ̀ wọ̀. Orí òkè ni abà náà wà, bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló la àárín rẹ̀ kọjá. Ó ti ẹnu ṣọ́ọ̀bù wa sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó gba iwájú mọ́ṣáláṣí, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, ó wá já sí etí odò níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo pupa. Ẹkù wọn wà níbẹ̀, kòtò ńlá tí wọ́n fi òkúta àti amọ̀ mọ etí rẹ̀, tí wọ́n ń da ẹyìn sísè sí, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo á fi léfòó. Ẹ fi ẹkù yìí sọ́kàn. A ó dé ibẹ̀, eré tí a ó sì bá débẹ̀ yóò pọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Nínú gbogbo abà tó yí wa ká, bàbá mi nìkan ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kẹ̀kẹ́ ológeere nígbà náà kì í ṣe ohun ìṣeré. Òun ló ń gbé kòkó lọ síbi ìwọ̀n, òun ló ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, òun náà ló ń gbé àna lọ kí àna. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ ilé kan bá yarọ, gbogbo ilé náà ti yarọ nìyẹn.

Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi fi mí sí ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Rájí, tí í ṣe olórí agbo ilé wa, bi wọ́n pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Bàbá mi dá wọn lóhùn pé òjò tó ń rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, a máa ń gbé ìkòkò sí i. Láàárọ̀, mo wà nílé ìwé. Tó bá di ọ̀sán, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni kò gbà mí síṣẹ́. Mo kàn jókòó ti abọ́ omi lọ́jọ́ kan, mi ò sì dìde mọ́.

Abọ́ omi yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ mi àkọ́kọ́. Bí túùbù bá jò, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, èmi á tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ibi tí omi bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ihò wà. Ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé bàbá mi jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Ọdún kan gbáko, omi ni mo ń wò. Nígbà tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n, wọ́n mú ẹ̀gún ọsàn, wọ́n gún túùbù tó dára ní ojú kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n ní kí n wá a. Mo wá a títí oúnjẹ fi tutù. Ìyá mi ní ṣé wọ́n fẹ́ kí ebi pa ọmọ náà ni. Bàbá mi ní ẹni tí ihò pamọ́ fún lórí ilẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn wálé láti inú oko. Mo rí ihò náà. Mo pariwo bí ẹni tó he wúrà. Bàbá mi kò yìn mí. Wọ́n kàn na ewé ìpín sí mi.

Ewé ìpín ni a fi ń họ ara túùbù nígbà yẹn kí àtè tó lè mú un. Inú igbó lẹ́yìn ilé ni mo ti ń já a. Túùbù tó ti gbó ni a ń gé lẹ̀ mọ́ ojú ihò. Nígbà tó yá ni agolo kékeré dé láti Ìbàdàn, tí àtè rẹ̀ wà nínú ọ̀pá rírọ̀, tí ara ìdérí rẹ̀ ń gún ni bí ẹnu abẹ́rẹ́, tí a fi ń họ túùbù. Bàbá mi lo ìdérí náà títí, síbẹ̀ ewé ìpín kò kúrò lẹ́bàá wọn. Wọ́n ní ohun tí kò ní tán nígbó ni ọkàn àwọn balẹ̀ sí.

Ohun tó níye lórí jù nínú ṣọ́ọ̀bù wa kì í ṣe ohun tí a rà. Igi ìrókò ẹlẹ́ka méjì kan ni, tí bàbá mi fúnra wọn gbẹ́, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ìdí amọ̀. Àárín ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì ni a ń gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sí tí a bá fẹ́ nà án kó tọ́. Bàbá mi á ní kí n dijú. Wọ́n á fún mi ní ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kí n mú un sún mọ́ rímù, wọ́n á wá yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Ibi tó bá ti gbọ̀n ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ ló wọ́. Nígbà àkọ́kọ́, mo mú òòlù, mo fẹ́ lu rímù níbi tó wọ́. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

"Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́," bàbá mi wí. "Kí ló fèsì?"

"Ó ní ẹ ò rí ìsàlẹ̀."

"Kí lo wá ń lu òkè fún?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìdí sípóòkù, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di rímù mú, ní àárín gbùngbùn, ni a ti ń wá ohun tó ń da etí rímù láàmú. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Mo tún máa fi bi ẹnì kan léèrè kí n tó parí ìwé yìí.

Òfin kan ló ju gbogbo òfin lọ ní ṣọ́ọ̀bù wa: ẹni tó bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Kò sí kẹ̀kẹ́ tí yóò padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó tún un ṣe ti gùn ún sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò, kó tún gùn ún gòkè padà. Bàbá mi ní ẹni tó se ọbẹ̀ ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àwọn oníbàárà á máa kùn. Mo rántí àgbẹ̀ kan tó dúró lé wa lórí, tó ní kí bàbá mi gbé kẹ̀kẹ́ òun fún òun, oòrùn ti ń wọ̀.

"Ẹ jẹ́ n gùn ún ná," bàbá mi wí. "Bó bá máa pa èèyàn, èmi ni kó pa."

"Bó bá wá pa ọ́, Làmídì, ta ni yóò tún un ṣe?"

"Àdùkẹ́ wà ńbẹ̀."

Èmi ni Àdùkẹ́. Oríkì mi nìyẹn. Bàbá Rájí jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa lọ́jọ́ náà, wọ́n ń jẹ obì. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fi ìlà sí abẹ́ ibẹ̀: Bàbá Rájí wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó kàn mí láti máa gun ohun tí mo tún ṣe, ẹsẹ̀ mi kò tíì dé orí ìjókòó. Abẹ́ ọ̀pá ni mo ti ń na ẹsẹ̀ kan kọjá, tí mo ń wa kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan bí akàn. Gbogbo abà jáde wá wòran. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń sáré tẹ̀lé mi. Ẹ̀yin ọmọ, mi ò tíì rí ohun tó dùn tó o títí dòní, kí atẹ́gùn máa gba inú aṣọ rẹ, kí òkè máa ti ọ́ lẹ́yìn, kí o sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló mú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ le. Bàbá Rájí pe ìyá mi, wọ́n kìlọ̀ pé obìnrin tó bá ń la ẹsẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ kò ní rí ilé ọkọ tó dáa. Ìyá mi kúnlẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fèsì.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Èmi ò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé mi, ẹ sì wo irú ilé tí mo wá lọ́kọ sí."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara igi ẹlẹ́ka mú. Ẹ̀rín wọn nìyẹn, ẹ̀rín tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, tó máa ń mú kí àwọn tó ń kọjá lọ́nà dúró bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo fi di ọ̀dọ́bìnrin, irinṣẹ́ ti yí padà. Alùpùpù ti ń dún lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá. Kẹ̀kẹ́ tuntun tó ń dé kò lo bíréèkì oní-ọ̀pá irin mọ́, wáyà tó wọnú awọ ni wọ́n ń lò, tí nọ́ọ̀tì kékeré kan yóò sì di orí rẹ̀ mú. Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀pá irin, ojú mi rí i. Wáyà tó fara pamọ́ sínú awọ, ta ló mọ ohun tó ń rò?" Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ. A jọ kọ́ ọ ni.

Irú kẹ̀kẹ́ yẹn ni wolé-wolé kan gbé wá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ kánsù ni, ó ń wọ ilé onílé láti wo ìdọ̀tí, àwọn ìyá wa a sì máa da omi àmù nù ní ẹ̀yìnkùlé bí wọ́n bá ti gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gún ti gún táyà rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ sì ti dẹ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí etí odò láti lọ bá àwọn elépo jà. Ó ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ọgbà yí ẹkù ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ibi yìí ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo lẹ túùbù. Bàbá mi ni wọ́n de bíréèkì méjèèjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ọwọ́ wọn ló fún nọ́ọ̀tì. Nígbà tó tó kí á gùn ún, ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó le jù ló yẹ kó gùn ún, ìyẹn bàbá mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹsẹ̀ ọ̀tún àwọn ń kú díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, kí n bá àwọn gùn ún. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti fún un le. Wọ́n ní àwọn ti fún un le.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Lèmọ́mù ń ṣe àlùwàlá níwájú mọ́ṣáláṣí, mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé ni mo tẹ bíréèkì ti ẹ̀yìn. Wáyà náà yọ kúrò lábẹ́ nọ́ọ̀tì bí ìrù alángbá. Mo tẹ ti iwájú. Òun náà tẹ̀lé ẹnìkejì rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà họ ilẹ̀, eruku sọ, bàtà kan bọ́. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Rábí, olórí àwọn elépo, tó ń ké sí mi pé, "Sàfú, yà! Sàfú, yà o!" Ibo ni n ó yà sí? Igi ìyeyè wà lọ́tùn-ún, wolé-wolé alára wà lósì. Ó dojú kọ àwọn obìnrin náà, ó gbé ìka sókè, ó ń sọ fún wọn pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yóò kó sínú ẹkù yìí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo kó sínú ẹkù náà, tèmi ti kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo yọrí, pupa ni gbogbo ayé. Bùbá funfun tí mo wọ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ìyá Rábí wo kòtò, wọ́n wo wolé-wolé, wọ́n sì ṣẹ́ eékún ìkíni fún un.

"Ọ̀gá, ẹ ní èèyàn yóò kó sí i. Ẹ ò sọ fún wa pé kẹ̀kẹ́ yín ni ẹ máa kọ́kọ́ rán wá."

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó wà nínú odò jókòó sínú omi nítorí ẹ̀rín. Wolé-wolé gbìyànjú láti le ojú, kò ṣe é ṣe, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Kò kọ ìwé ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Odidi oṣù kan ni epo fi ń yọ nínú irun mi. Wọ́n sọ mí ní Sàfú Elépo, àwọn àgbàlagbà abà wa ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wolé-wolé kò sì dípẹtà mọ́ láéláé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti rọra tiro sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì kan nọ́ọ̀tì náà, ó yí fúnra rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n wá wo ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n wò ó pẹ́.

"Àdùkẹ́, mo rò pé mo fún un le."

"Bàbá, epo ló yọ̀ ọ́."

Àwa méjèèjì mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ti tú kó tó di pé epo kàn án. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo jẹ́ kí gbogbo abà gbà pé èmi ni mi ò fún un le. Ẹ̀rín ṣáà ni, mo rò pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣe àlùwàlá ìdájí, wọn kò lè nà ró. Ẹ̀gbà ti mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó mú ẹnu pẹ̀lú. Nígbà tí a gbé wọn padà láti ọsibítù, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ń jáde mọ́ àfi "hẹn". Ẹ̀rín nìkan ni àìsàn kò rí mú. Bí nǹkan bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtijọ́ náà ló ń jáde, odindi, kò dín. Ìyá mi ní bí Ọlọ́run bá ní kí èèyàn mú ohun kan ṣoṣo kù, ọkọ àwọn mọ ohun tó yẹ ní mímú.

Ẹ má rò pé a ti ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn gan-an ló dùn jù. Mo gbé àga bàbá mi sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n di ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn mú ní ọwọ́ òsì. Bí mo bá parí iṣẹ́ kan, mo gbé e síwájú wọn. Bí wọ́n bá gbá ọ̀pá nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Bí wọ́n bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, kí n tún un ṣe. Àwọn àgbẹ̀ a máa dúró láti gbọ́ ọ̀pá náà, wọ́n a tilẹ̀ máa fi ta tẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Sàfú, ìwé ẹ ò tíì jinná o!" Bí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, n ó gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bí òfin ṣe wí. Kò sí èyí tó tún dé inú ẹkù.

Báyìí ni Bàbá Rájí pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n gbé bàbá mi wá, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Mo wà lórí eékún mi, etí mi sì là, nítorí náà n kò sọ ohun tí wọn kò sọ. Wọ́n ní bíbẹ̀rẹ̀ lórí irin ló fa àìsàn àbúrò àwọn. Irọ́ ni. Dókítà ti sọ fún wa, lójú Bàbá Rájí, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n ní ọwọ́ mi kò ṣe é fọkàn tán, nítorí èmi ni mo gbé kẹ̀kẹ́ ìjọba sọ sínú ẹkù. Ẹ ti ka bó ṣe rí. Wọ́n ní òfin ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́, ọ̀gá kò sì lè gùn ún mọ́. Òfin náà kò dárúkọ ọ̀gá rí. Ẹni tó bá tún un ṣe ló wí. Ibi tí wọ́n ń lọ látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wá já sí: kí wọ́n kó irinṣẹ́ fún Múfú, ọmọ Bàbá Rájí, nítorí ọkùnrin ni. Múfú kò lẹ túùbù kan rí.

Gbólóhùn kan péré ni mo nílò láti gba ara mi: bàbá mi ló de nọ́ọ̀tì yẹn. Mo wo bàbá mi. Wọ́n ń wò mí. Mo pa ẹnu mi mọ́, nítorí wọn kò ní ẹnu tí wọ́n lè fi gbèjà ara wọn. Nígbà náà ni wọ́n gbé ọ̀pá, wọ́n gbá a nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn kan sáré sí wọn, wọ́n rò pé ara ló ń ni wọ́n.

"Ara kò ni wọ́n," mo wí. "Wọ́n ní ìdájọ́ yín kò tọ́. Wọ́n ní kí ẹ tún un ṣe."

"Ọ̀pá aláìsàn kì í ṣe ẹnu," Bàbá Rájí wí, wọ́n sì dìde.

Kẹ̀kẹ́ kan ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Wolé-wolé ló ni ín, ó fẹ́ wáyà bíréèkì tuntun. Èmi nìkan ni mo de méjèèjì. Mo gbé e síwájú bàbá mi. Wọ́n fi ìka òsì wo nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbá ọ̀pá nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ẹsẹ̀ láti gùn ún. Wọ́n fi ọ̀pá dá mi dúró, wọ́n wá fi nàka sí kẹ́ríà ẹ̀yìn.

Ìyá mi ní rárá. Ọ̀pá náà kò kúrò lórí kẹ́ríà. Ìyá Rábí tó wá gba àgbá epo tí ìyá mi yá lọ́wọ́ wọn ní kí ìyá mi mú ọ̀já wá, bí a ṣe ń pọn ọmọ ni a ṣe ń pọn bàbá ọmọ. Wọ́n gbé bàbá mi jókòó, wọ́n fi ọ̀já méjì dì wọ́n mọ́ mi lẹ́yìn. Mo gbọ́ èémí wọn létí mi. Ẹni tó gun iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà kò lè fò sílẹ̀ bí ohunkóhun bá yọ.

A sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo abà ti jáde. Lèmọ́mù dìde dúró, tẹ̀sùbáà wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé gba ojú fèrèsé jáde, tíṣà wọn náà gba ojú fèrèsé. Bàbá Rájí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa, agbádá wọn ń fẹ́, wọ́n ní kí n dúró. Mi ò dúró. Mo jẹ́ kí òkè gbé wa títí mo fi rí epo tó ń dán nínú ẹkù, mo wá tẹ bíréèkì méjèèjì.

Kẹ̀kẹ́ dúró. Táyà iwájú wà létí ẹkù gan-an. Nígbà náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi, láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó ń mì mí, ó ń mi kẹ̀kẹ́, odindi ẹ̀rín Làmídì Oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n sọ ọ̀pá kalẹ̀, wọ́n gbá etí ẹkù. Ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀rí nìyẹn. Ọ̀gá gun iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe onídùúró. Bàbá Rájí rí i, èémí wọn ń já gíjagìja, fìlà wọn sì wà lọ́wọ́ ọmọdé kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Múfú gbé ọmọlanke wá. Ó kó sípánà, ó kó pọ́ọ̀mpù, ó fi ọkọ́ wú igi ẹlẹ́ka kúrò nílẹ̀. Bàbá Rájí ti ilẹ̀kùn pa.

Bàbá mi lo ọdún méjì sí i. Láràárọ̀, wọ́n á fi ọ̀pá júwe kí a gbé àga wọn kọjú sí ilẹ̀kùn títì náà. Wọ́n á gbá ọ̀pá nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gba oúnjẹ. Èmi padà sídìí ìwé. Nígbà tí wọ́n bi mí ní yunifásítì pé kí ló mú mi yan físíìsì, mo ní nọ́ọ̀tì kan tó tú ni. Múfú gbé irinṣẹ́ lọ sí Ẹgbẹ́dá, kò tún kẹ̀kẹ́ kan ṣe níbẹ̀. Mo lọ sí ilé rẹ̀ nígbà kan, mo bá igi ẹlẹ́ka bàbá mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ewúrẹ́ ni wọ́n so mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni o, iṣẹ́ ìwé ni o, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó máa ń kọ́kọ́ gun ohun tó bá tún ṣe. Ayọ̀ wà níbẹ̀. Mo jẹ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè gba ìyẹn padà lọ́wọ́ mi.

Ìyókù ọ̀rọ̀ mi, àwọn ará ilé wa ni mo ń bá wí. Bàbá Rájí ti lọ, kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní ìpàdé náà tí ẹ ṣì wà láàyè, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà. Orí ọmọ wọ́ lójú yín. Múfú, ìwọ ni olórí agbo ilé báyìí, àga tí wọ́n ti orí rẹ̀ dá mi lẹ́jọ́ ni o jókòó lé. Ta ló sọ fún yín pé irin ló pa ẹ̀gbẹ́ kan bàbá mi, lẹ́yìn tí dókítà ti sọ̀rọ̀? Ta ló yí òfin ṣọ́ọ̀bù padà, tó fi "ọ̀gá" sí ibi tí "ẹni tó tún un ṣe" wà? Lẹ́yìn tí gbogbo yín ti rí wa létí ẹkù, kí ló kù tí ẹ ń wá? Igi ìrókò mi dà? Amúkùn-ún, ẹrù yín wọ́. Ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn mí.

Mò ń bọ̀ ní ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀, n kò sì ní kúnlẹ̀. N ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, n ó mú ọ̀pá bàbá mi lọ́wọ́. Kí olúkúlùkù yín dìde, kó dáhùn. Bí ìdáhùn yín bá tọ́, ẹ ó gbọ́ ọ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá tọ́, ẹ kò ní lè sọ mọ́ pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí.